Omi Inú Ìgò Inúmidùn

Ìlógbò-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 2002.

Inúmidùn ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Olúwa tó gbé ọ dé yunifásítì kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kòkòrò ni ò ń kọ́ níwèé, àfìgbà tí Tíṣà Bọ́ládé ní ọmọ ènìyàn ni ò ń kọ́ nípa kòkòrò àìsàn, ọkàn mi sì balẹ̀. Májèlé tí o ní ẹ ń kó sínú firíìjì níbi ìwádìí yín ló ṣì ń bà mí lẹ́rù, jọ̀wọ́ má gbé ọbẹ̀ síbẹ̀. Iṣu wa ta dáadáa lọ́dún yìí.

N kò jẹ́ kí Bọ́ládé bá mi kọ lẹ́tà yìí, torí náà má wo ìkọ̀wé mi.

Ṣé o rántí ìgò kékeré tí o fi ránṣẹ́, tí o ní kí n bu omi kànga àdúgbò wa sí, kí ẹ lè wò ó bóyá òun ló ń fún àwọn ọmọdé ní ìgbẹ́ gbuuru? Mo bu ú lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí mo gbé e sókè sí oòrùn, ó rí bí omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀gẹ́, ojú sì tì mí. Mo ní ṣé omi báyìí ni àwọn ọ̀gá ọmọ mi yóò rí? Mo dà á nù, mo fi ọṣẹ fọ ìgò, mo sì lọ bu omi òjò nínú táńkì àlùfáà wa. Mo rò pé òjò náà ló ń wọlẹ̀ tó ń di omi kànga, pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Nígbà tí ìwé èsì àyẹ̀wò rẹ dé, òdo ló kún inú rẹ̀. Mo sunkún, mo rò pé omi wa fìdí rẹmi. Bọ́ládé ní rárá, òdo gan-an ni à ń wá, pé kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó sì ti ń se omi kí wọ́n tó mu ún dáwọ́ dúró. Èmi náà bá wọn yọ̀.

Ìgbẹ́ gbuuru mú Jùwọ́nlọ, ọmọ Àṣàkẹ́ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Ọjọ́rú ló kú. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo gbé pákó bo kànga, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n ní ṣebí ọmọ tèmi ló ní omi náà dára.

Mo lọ sọ òótọ́ fún Àṣàkẹ́ láàárọ̀ yìí. Kò bú mi. Ó ní bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ ọmọ náà ni òun ń bu omi yẹn fún un, torí ìwé rẹ. Ó wá dìde, ó da gbogbo omi inú ìkòkò rẹ̀ nù, ó sì padà jókòó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, n óò dìde sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n má bàa pè ọ́ ní onírọ́. Owó Kérésì tí o fẹ́ fún mi, jọ̀wọ́ fi ra ìgò, kí o sì wọkọ̀ wá fi ọwọ́ ara rẹ bu omi náà.

Olúwa kò ní jẹ́ kí o fojú sunkún ọmọ. Mo máa ń ṣe àdúrà yìí fún Àṣàkẹ́ náà tẹ́lẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.