Ìwé Tí A Ò Ṣàlàyé Kó Tó Buwọ́ Lù Ú

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n yọ ilé-ọmọ obìnrin kan nílé ìwòsàn tí mò ń ṣàkóso. Kókó inú ẹ̀ nìkan ló rò pé wọ́n fẹ́ yọ. Ó buwọ́ lùwé láìsí àlàyé. Dókítà mọ̀, èmi náà mọ̀, torí èmi ni mo ní kí aláìsàn máa buwọ́ lùwé gbàrà tó bá wọlé, kíṣẹ́ lè yá.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀ mí: “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún àǹtí yìí ná.”

Mo ní, “Tíṣà, ṣé kíláàsì nibí ni?”

Nọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n di ẹ̀bi rù, wọ́n á lé e lọ́jọ́ Ẹtì. Mo dákẹ́. Ojú ń tì mí.

Mo ti kọ òótọ́ fún ìgbìmọ̀, mi ò tíì fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n sọ fún obìnrin náà? Olóòtú, ẹ ka lẹ́tà yìí kó tó di Ọjọ́bọ̀, kí n má baà rọ́nà sá.