Bàbá Oníkẹ́ẹ̀gì àti Omi Tó Ń Sọnù: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé (1946 sí 2019)

Ní ọdún 1946 ni a bí olóògbé, bàbá wa, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé kan tó kọjú sí ojú irin rélùwéè. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí wọn, ẹni tí kì í gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò aṣọ ni ìyá tó bí wọn, ẹni tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà bó bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Òwú tí ìyá bá gbọ̀n ni ọmọ ń ran, nítorí náà kí ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn má ṣe ya ẹnu nígbà tí ẹ bá ń ka ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ìdílé ti jókòó lé e lórí, a sì ti fẹnu kò pé òtítọ́ ni a ó kọ. Ìyá wa, opó olóògbé, ló ní bí a bá fi irọ́ kan ṣoṣo síbẹ̀, àwọn kò ní í jáde nínú yàrá.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1952, wọ́n sì parí gíráámà ní 1965. Ní 1968 wọ́n gba ìwé ẹ̀rí nínú iṣẹ́ yíya àwòrán egungun, ilé ìwòsàn ìjọba sì gbà wọ́n síṣẹ́ lọ́dún yẹn kan náà. Yàrá kékeré kan tó ṣókùnkùn ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2004, pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù olójé tó wúwo bí ọmọ ọdún méjì lọ́rùn wọn. Wọ́n mọ iṣẹ́ náà dénú. Kí wọ́n tó ya àwòrán ẹnikẹ́ni, wọn a kọ́kọ́ bi í pé, "Níbo gan-an ló ń dùn yín? Ẹ fọwọ́ kàn án." Àwọn aláìsàn fẹ́ràn wọn nítorí ìbéèrè yìí. Títí di òní ni ẹnu ń ya ìyá wa pé ẹni tó ń bi àwọn tí kò mọ̀ rí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í bi ará ilé rẹ̀.

Ní 1974 ni bàbá fẹ́ ìyá wa, télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ojú ìyá wa kì í fo nǹkan dá. Bí apá aṣọ kan bá fi díẹ̀ gùn ju ìkejì lọ, láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti rí i. Wọ́n sì lọ́rọ̀ lẹ́nu. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ wọn, wọn kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni tan àwọn jẹ. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní 1998, wàhálà wọlé wá. Bàbá ra ọkọ̀ àlòkù kan, aláwọ̀ aró, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kánjú láti lọ ju bó ṣe yẹ lọ. Oṣù kan kò pé tí ọkọ̀ fi hó lójú ọ̀nà. Ọ̀pá tó ń tọ́ka ooru fò lọ sí ibi pupa, èéfín bo bọ́nẹ́ẹ̀tì, bàbá sì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n ń wo ọkọ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó jí ẹran jẹ. Omi inú rédíétọ̀ ti tán. Wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Wọ́n bu omi sí i, ó lọ. Kò pẹ́, ó tún hó. Omi ń lọ, ẹnikẹ́ni kò sì rí ibi tó ń gbà lọ.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ló jó, ó sì tú orí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ títí ó fi sú wa. Èkejì ní irọ́ ni, rédíétọ̀ ló ń jò, ni a bá pààrọ̀ rédíétọ̀. Ẹ̀kẹta yọ tẹmọsítáàtì, èyí tó ń ṣí ọ̀nà fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ó ní ẹrù lásán ni. Ẹ̀kẹrin da ìyẹ̀fun kan sínú omi pé yóò dí ihò níbikíbi tó bá wà. Ìyẹ̀fun yẹn ló wá kó wa síyọnu jù, nítorí ó máa ń dí i fún ìgbà díẹ̀, bàbá á ti máa súfèé kiri ilé, ọkọ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Nígbà tó yá, bàbá lé gbogbo wọn, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni yóò wá a rí. Ní gbogbo Sátidé, bọ́nẹ́ẹ̀tì á wà ní ṣíṣí, bàbá á fi ẹnu há tọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ pè wọ́n wá jẹun. Kí a má purọ́, wọn kì í ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọmọ kankan sún mọ́ ọn. A dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ìgbà yẹn ni kẹ́ẹ̀gì wọ ọ̀rọ̀ ilé wa, tí àdúgbò sì sọ wọ́n ní Bàbá Oníkẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì ni wọ́n ń gbé kiri, ibi ẹsẹ̀ ìyá wa níwájú ọkọ̀ ni wọ́n sì ń gbé e sí, wọ́n ní búùtù ti jìnnà jù. Ìyá wa sọ fún wọn pé, "Bàbá wọn, ibi tí mo ń gbẹ́sẹ̀ lé yìí rin gbindingbindin." Bàbá dáhùn pé, "Kẹ́ẹ̀gì ni o kò dì mú dáadáa." Ìyá wa fi ọ̀rá wé ẹnu kẹ́ẹ̀gì pinpin, ilẹ̀ ṣì ń rin. Wọ́n tún ní, "Òórùn dídùn kan ń wá láti ibi ẹsẹ̀ mi. Ó jọ ti omi aláwọ̀ ewé tí ẹ máa ń rà fún rédíétọ̀." Bàbá ní lọ́fínńdà wọn ni. Dígí iwájú máa ń kún fún kùrukùru láti inú, àkísà ni ìyá wa sì fi ń nù ún kí bàbá lè ríran. Wọ́n ní, "Ẹ wo dígí yìí náà, ṣé kò ṣe yín ní kàyéfì?" Ìdáhùn tí bàbá fún wọn lọ́jọ́ náà ni ìdílé kò lè gbàgbé: "Èémí ẹnu rẹ ni. O ń sọ̀rọ̀ jù. Pa ẹnu dé, dígí á mọ́."

Ìyá wa pa ẹnu dé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n yóò mọ ohun tí èyí ná wọn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí ọkùnrin yìí gbọ́ tiwọn lẹ́ẹ̀kan, kó sì gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ń jókòó sínú ọkọ̀ bí ẹrù, wọ́n sì mú ìdákẹ́jẹ́ náà wọlé. Inú ń bí wọn, ó sì tọ́ kó bí wọn.

Ní 2007, àbíkẹ́yìn wa gba oyè ní yunifásítì. Ojú ọ̀nà ni ọkọ̀ ti hó, tó tún hó. Nígbà tí àwọn òbí wa fi máa dé, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń to àga jọ, ọmọ sì dá dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú aṣọ oyè lọ́rùn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ páḿpù omi fún un. Ìyá wa kò sọ nǹkan kan lọ, wọn kò sọ nǹkan kan bọ̀.

Nínú ìgbàgbọ́, bàbá dúró ṣinṣin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń pẹ́ dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dúpẹ́ níwájú ìjọ pé ọkọ̀ ti sàn, ọkọ̀ sì hó nínú ọgbà ilé ìjọsìn kí wọ́n tó kọ orin ọpẹ́ tán. Ní ti iṣẹ́ ìlú, àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa. Ní 2012, nígbà tí páìpù omi àdúgbò ń jò lábẹ́ ilẹ̀, àwọn ló wá ibẹ̀ rí, nípa lílọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń bi àwọn ìyá ilé pé, "Kí lẹ rí? Níbo ló ń tutù?" Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìyá wa gbọ́, wọ́n mí kanlẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, dókítà ojú ní kí bàbá má wa ọkọ̀ mọ́. Wọ́n jà, wọn kò borí. Àkọ́bí wa obìnrin bọ́ sídìí sítíárìn. Bàbá ní àwọn kò ní í jókòó lẹ́yìn nínú ọkọ̀ àwọn, ni ìyá wa bá bọ́ sẹ́yìn. Kẹ́ẹ̀gì lọ sí búùtù, nítorí bàbá ní kò ní jẹ́ kí àwọn na ẹsẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ra ọkọ̀ náà, bàbá kò jókòó sí àga ìyá wa níwájú yẹn rí. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí bàbá fi ní, "Ta ló da omi síbí?"

Bàbá fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fún ìbọ̀sẹ̀, omi ń kán tótó. Wọ́n gbé e sí imú. Dígí iwájú ti ṣú, àkọ́bí sì ń fi ọwọ́ nù ún, bẹ́ẹ̀ ìyá wa kò la ẹnu rárá láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra. Bàbá wo dígí, wọ́n wo ìbọ̀sẹ̀, wọ́n wá yí ọrùn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá wọn, ṣé ohun tí o ń sọ nìyí?"

"Ohun tí mo sọ títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó nìyẹn."

Àkọ́bí ní láti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, nítorí ẹ̀rín kò jẹ́ kó ríran mọ́.

Rédíétọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, lókè ibi ẹsẹ̀ ìyá wa, tó wà fún mímú inú ọkọ̀ móoru nígbà òtútù. Bàbá kò lò ó rí, nítorí náà wọn kò rántí pé ó wà. Ibẹ̀ ló ti ń jò, kápẹ́ẹ̀tì ń mu ún, ilẹ̀ ìta sì ń gbẹ. Mẹkáníìkì kan já rọ́bà méjèèjì tó ń gbé omi lọ síbẹ̀, ó so wọ́n pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tíì tí a bù fún un kò tíì tutù tó fi parí. Ọkọ̀ kò hó mọ́ láti ọjọ́ náà. Inú wa kò dùn tó bó ṣe yẹ, nítorí a rántí gbogbo Sátidé wọ̀nyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá fa àga sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ìránṣọ. Wọ́n ní, "Má bínú. Kí lo tún ti rí tí mi ò gbọ́?" Ìyá wa fi aṣọ sílẹ̀, wọ́n ní ó pọ̀. Bàbá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni. Ìyá wa sọ ti ọmọ tó ń bẹ̀rù bàbá, ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ì bá ti fẹ̀ sí i, ti ojú àbíkẹ́yìn lẹ́nu géètì lọ́jọ́ yẹn. Bàbá fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń gbọ́. Nígbà mìíràn wọ́n á fẹ́ jiyàn, wọ́n á sì gbé e mì.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, bàbá sùn, wọn kò jí. Wọ́n fi ìyàwó kan sílẹ̀, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àbúrò ọkùnrin kan tí òun náà kì í gba ìmọ̀ràn, àti ọkọ̀ aláwọ̀ aró kan tí ara rẹ̀ le ju ti gbogbo wa lọ.

Ohun tó ń bí ìyá wa nínú lónìí kì í ṣe omi, kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi kó ọ̀rọ̀ jọ. Nígbà tí etí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣí, ẹni tó ni ín gbé e lọ, ìyá wa kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdajì. Ní ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn, wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ kan bọ ẹnu tí bàbá fi ní, "Jẹ́ kó di ọ̀la, ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí."

Ẹ sùn re o, Bàbá Oníkẹ́ẹ̀gì. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ gba àga méjì, kí ẹ sì jókòó jẹ́ẹ́ títí ìyàwó yín yóò fi dé. Ẹ ṣì jẹ wọ́n ní gbèsè ọ̀la kan.