Aṣọ Oyún Tí Ẹnikẹ́ni Ò Ní Kí Wọ́n Rán

Ajé, 4 oṣù kẹta
Inú ń bí mi! Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa rán aṣọ oyún fún mi. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí máṣìnnì mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ti fojú wọn ìbàdí mi, ó ti fẹ̀, àwọn ò sì gbúròó nǹkan oṣù mi. "Ojú aránṣọ kì í ṣìwọ̀n," Ẹnu-Abẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. (Orúkọ tí mo fún un nìyẹn. Ẹnu ẹ̀ ń gé èèyàn.) Oyún wo? Ó pẹ́ tí nǹkan oṣù mi ti ń wá nígbà tó bá wù ú, bí àlejò tí ò mọ̀ pé ilé lólórí.

Ìṣẹ́gun, 5
Ó ti détí ìyá ọkọ mi. Ó ń jó. Ẹnu-Abẹ ló sọ fún un, ta tún ni?

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo ní kò sóyún. Ìyá ọkọ mi wò mí tòkètilẹ̀. Ó ní, "Irùngbọ̀n tó ò ń fà, o rò pé mi ò rí i? Àbí ọkùnrin lọmọ mi gbé wálé?" Ọkọ mi jókòó síbẹ̀. Dákẹ́ ni mo ń pè é — ẹ̀yin náà ẹ wo ìdí.

Àbámẹ́ta, 9
Mo fa irùngbọ̀n náà. Ó tún hù. Ó lágídí jù mí lọ.

Ìṣẹ́gun, 12
Ọsibítù míì. Dókítà ti tẹ́lẹ̀ kì í gbójú sókè: "O ti sanra jù, lọ fọn." Lọ́dọọdún, "lọ fọn." Olè ni! Ọdún mi ló jí. Nọ́ọ̀sì ti òní ní, "Àǹtí, báwo ni nǹkan oṣù yín ṣe ń wá?" Ẹnì kankan ò bi mí rí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ṣe skáànù.

Ẹtì, 15
Ó lórúkọ! PCOS. Nọ́ọ̀sì yàwòrán ẹ̀ fún mi: ẹyin wẹ́wẹ́ kún ilé ẹyin mi, wọn ò gbó, wọn ò jáde, ìyẹn ni nǹkan oṣù fi ń pẹ́. Irùngbọ̀n náà, ibẹ̀ ló ti wá. Ó ní kì í ṣe èpè, kì í ṣe ìwà mi, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń ní in. Kì í lọ pátápátá, àmọ́ ó ṣeé tọ́jú. Kí n ṣọ́ra fún ìtọ̀ ṣúgà. Ọmọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń bí, oògùn ló ń ran àwọn míì lọ́wọ́. Mo dì mọ́ ọn, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́.

Ajé, 18
Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ẹ̀. Mo ní, "Ojú lẹ fi wọ̀n, ẹ ò fẹnu bi mí!" Nígbà tó yá, Ẹnu-Abẹ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi obìnrin náà… irun ń hù lágbọ̀n ẹ̀. Mo máa ń nà án pé abẹ tó fi ń ṣeré ló fà á." Ìjà ni mo gbé wá o. Ọ̀nà ọsibítù ni mo júwe fún un.

Ọjọ́bọ̀, 21
Àwa mẹ́ta la lọ sí ọsibítù, èmi, Dákẹ́, ìyá ẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi Dákẹ́ bóyá wọ́n ti yẹ òun náà wò rí. Ìyá ẹ̀ fò dìde: "Ọmọ tèmi? Kí ló ṣe é?"
Dákẹ́ lanu! Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Gbogbo ara ìyàwó mi ni wọ́n ti yẹ̀ wò. Ẹ ti bú u tó. Ó kàn mí." Ló bá ká apá ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè. Nọ́ọ̀sì ní, "Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe apá o, àtọ̀ la fẹ́ yẹ̀ wò." Ẹ̀rín pa mí.
Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá bímọ. Dákẹ́ gba ike kékeré kan, ó gba iwájú ìyá ẹ̀ kọjá, kò bo ike náà mọ́lẹ̀. Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ gan-an.