Pijó Bàbá Mi Tó Ń Kí Èèyàn

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ará Inísà ṣáà ni mí, ayọ̀ ò sì jẹ́ kí ara mi balẹ̀.

Pijó 504 tí bàbá mi kú fi sílẹ̀ ti tún ń rìn. Mẹkáníìkì mi n'Ìkìrun ní kí n fi sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tó le sí i, kó lè dúró gbọn-in ní kọ́nà, kó sì yéé tẹ imú bolẹ̀ bí mo bá ti tẹ bíréèkì.

Màmá mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní wọ ọkọ̀ tí ò lè kí àgbà. Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lánàá, mo tẹ bíréèkì lẹ́nu ọ̀nà wa, ọkọ̀ tẹrí ba, màmá mi sì dìde lórí àga: "Ẹ káàbọ̀, olówó orí mi."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n ra sípíríǹgì tó le yẹn ni, àbí kí ọkọ̀ yìí ṣì máa kí ìyá mi?