Màámi, Ṣé Ká Máa San Owó Ilé Lóṣooṣù?

Màámi tí mi ò lè pè lórí fóònù mọ́,

Àlàáfíà la wà. Àbí kí n má purọ́ fún yín: ara le, ọkàn ni kò balẹ̀. Tìmí ti ń ka A B D fúnra ẹ̀, ó sì ń bi mí ìgbà tí màmá àgbà máa dé.

Ọ̀rọ̀ ilé tá a wà ní Ẹ̀gbẹ́dá yìí ló mú mi kọ̀wé. Ọdún tá a san ti pé, Bàbá onílé ò sì fẹ́ gba ti ọdún mọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀ fẹ́ wó ilé yìí kọ́ fúláàtì, wọn ò ṣáà tíì mọ ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ ká máa san lóṣooṣù ná. Ọ̀la, tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ló ń retí èsì.

Inú Bàbá Tìmí ń dùn. Oṣooṣù lòun náà ń gbowó iṣẹ́, ó gbà pé Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà òun. Mo fẹ́ bá a yọ̀, màámi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san lóṣooṣù, kúìtì nótíìsì oṣù kan péré ni wọ́n máa fún un tí wọ́n bá fẹ́ kó jáde. Ṣé oṣù kan tó wá ilé l'Ékòó yìí? Tó bá bọ́ sí àárín òjò ńkọ́? Mo ti ń rí Bàbá onílé lójú àlá. Ó máa ń fi okùn wọn yàrá wa.

Mo rántí ìgbà tá a wà ní Dópẹ́mù. Ẹ kì í kan ìṣó mọ́ ògiri. Orí àpótí lẹ máa ń to aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì yín sí, ẹ ó fọwọ́ tẹ́ ẹ títí á fi dà bíi pé wọ́n lọ̀ ọ́. Inú máa ń bí mi pé ilé wa ò jọ ilé èèyàn. Ṣé ẹ̀rù pé wọ́n máa lé wa jáde ló ń bà yín nígbà yẹn? Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?

Ohun tí mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ rèé. Nígbà tí mo bí Tìmí, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín ri ibi ọmọ sẹ́yìn ilé yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Bàbá Tìmí ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́: “Màmá, ilé rẹ́ǹtì mà nìyí, àbí ẹ ti bá wa rà á ni?” Ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Tí katapílà bá wá débẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ló fẹ́ mú mi gba oṣooṣù, kí n ṣáà wà nítòsí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n lánàá, mo gba iwájú ilé wa àtijọ́ ní Dópẹ́mù kọjá. Ó ti di ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́ àwọn táyà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni ibi ọmọ tèmi náà wà báyìí, màámi, mi ò sì sọnù. Mo dúró síbẹ̀ títí, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè mọ́ mi.

Mi ò gba oṣooṣù. Yàrá kan wà ní Ìgándò, ó kéré, ó sì jìn síbi iṣẹ́ Bàbá Tìmí, àmọ́ ọdún kan gbáko ni wọ́n máa kọ fún wa. Owó tá a ti kó jọ fún ibí la máa san níbẹ̀. Kí n máa bẹ̀rù ní ìparí gbogbo oṣù, mi ò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kẹ́rù bà mí lẹ́ẹ̀kan, kó tán.

Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ yìí ni màá sọ fún un. Ó máa bínú. Tẹ́ ẹ bá wà ni, ẹ̀yin ni ǹ bá ní kẹ́ ẹ bá mi sọ ọ́. Àmọ́ èmi nìkan ni ìyá tó kù nínú ilé.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń ṣàárò yín gan-an.