Ohun Tí Ẹ Máa Ń Fi Sí Abíyá

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ọlọ́wọ́ líle,

Ọmọ yín obìnrin ló kúnlẹ̀ o. Ọyẹ́ tún ti dé sí Ìwó, ètè gbogbo wa ti là, eruku sì ti bo páànù ṣọ́ọ̀bù yín. Mo ṣì ń tún ṣọ́ọ̀kì alùpùpù ṣe níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Kuta àti Ilé-Ogbó ṣì ń ti alùpùpù tí ẹrù iṣu ti tẹ̀ nídìí wá, wọ́n á ní ọmọ bàbá oníṣọ́ọ̀kì làwọn ń wá. Ṣé àlàáfíà ni mo wà? Rárá o. Mo ti dá ọmọ yín lápá. Ràṣídì, àkọ́bí yín, apá ọ̀tún. Ẹ má tíì fa bẹ́líìtì yọ, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi.

Ó dé láti Ìlú Ọba lọ́yẹ́ tó kọjá, omi tá a fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kò tíì gbẹ tó ti ní òun máa ta ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín fún oníbúlọ́ọ̀kù kan. Ó ní òun làkọ́bí, pé ilé ọkọ nilé obìnrin, pé sípánà kò yẹ ọwọ́ mi. Èmi! Èmi tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ yín ti kọlà sí lẹ́yìn láti kékeré, nítorí pé mo jẹ́ kí iyanrìn kó sínú epo! Ràṣídì kò ní àpá kan ṣoṣo lára, ìwé ló fi sá fún yín. Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tí ẹ kọ́ dé Ìlú Ọba ńkọ́?

Mo ju sípánà mọ́ ọn. Ó fò létí rẹ̀ kọjá, ó fọ́ ìkòkò omi Ìyá. Ràṣídì gbá mi létí, mo gé e jẹ lọ́rùn ọwọ́, a sì jọ yí mọ́lẹ̀ nínú omi títí àwọn ará ilé fi já wa. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní bùọ̀dá nínú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ náà ń há mi lọ́fun.

Ọjọ́ kejì ló gbé mọ́tò ìṣeré kan jáde nínú àpótí rẹ̀. Kò gùn ju apá mi láti ìgúnpá dé ìka lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan téèyàn bá tẹ ohun tó mú lọ́wọ́, á sáré láìsí wáyà, á tún yí síbi téèyàn bá fẹ́. Ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èyí tó tóbi jù kò ju ìka lọ, Bàbá, ojúlówó ṣọ́ọ̀kì tó ń gba epo! Epo rẹ̀ ti dà sínú àpótí lójú ọ̀nà. Ràṣídì wá ní níwọ̀n ìgbà tí mo ní èmi ni mo jogún iṣẹ́ yín, kí n rọ epo sí i. Ó ní tí mọ́tò náà bá la pápá ẹ̀yìn ilé ìwé míṣọ̀n kọjá láìdojúdé, pẹ̀lú gbogbo gọ́tà tí òjò ti gbẹ́ síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù di tèmi. Tó bá dojúdé, kí n kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá ṣe ẹlẹ́rìí.

Epo ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ rọ sí i, ó mú kí rọ́bà tó ń dí epo mọ́nú wú bí ẹkùrù. Mo pààrọ̀ rọ́bà, mo rọ òróró ẹ̀pà. Ó ṣàn jù, mọ́tò ń fò kiri bí ọmọ ewúrẹ́. Mo ki gíríìsì sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ le gan-an, òkúta kan péré ló dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà náà ni mo rántí yín nígbà tí ọjà wọ́n, tí kò sí epo ṣọ́ọ̀kì ní gbogbo Ìwó, tí ẹ ń fi àdín sínú ṣọ́ọ̀kì àwọn alùpùpù kéékèèké nítorí pé àdín kì í ba rọ́bà jẹ́. Mo bu àdín Ìyá. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ra á wò bí ẹ ti máa ń ṣe. Oòrùn ọ̀sán mú, mo tẹ mọ́tò náà mọ́lẹ̀, ó rọra dìde bí ẹni tó ń ti ìforíkanlẹ̀ bọ̀ lórí ìrun. Ó la pápá náà kọjá, ó tún padà. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ràṣídì ló mú àkókò. Ó ní kété tí a bá kírun àsùbáà tán, torí òun ń lọ sí Èkó. Ọyẹ́ ń fẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù, ìka mi ti kú, mi ò sì tẹ ṣọ́ọ̀kì wò mọ́. Gọ́tà àkọ́kọ́ ni mọ́tò náà dé, ẹsẹ̀ iwájú kò tẹ̀ rárá. Ó fò sókè, ó dojúdé, táyà rẹ̀ ń yí sójú ọ̀run. Ràṣídì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ká ní ó pa ẹnu mọ́ níbẹ̀ ni. Ó wò mí, ó ní, “Bàbá pàápàá ò mọ nǹkan kan ju kí wọ́n na èèyàn lọ. Kí lo rò pé o jogún?”

Ọ̀pá jáàkì wà nínú àpò irinṣẹ́ tí mo gbé wá, mo fà á yọ. Ìyá ti já aṣọ àyà wọn, wọ́n di ọmú tó wò wá dàgbà mú, wọ́n ń fi bẹ̀ mí. Mo rí ọmú náà, Bàbá. Mo rí i, síbẹ̀ mo la ọ̀pá náà mọ́ Ràṣídì. Orí rẹ̀ ni mo fojú sùn, apá ló fi gbà á, ó dún bí igi ìdáná. Ó ṣubú, mo tún gbé ọ̀pá sókè, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ló mú mi mọ́lẹ̀.

Wọ́n gbé Ràṣídì lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tó ń to eegun ní Kuta, wọ́n fi mí sílẹ̀ lórí pápá pẹ̀lú mọ́tò náà. Nígbà tó yá, oòrùn jáde. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó lọ sílẹ̀, ó rọra dìde. Àdín ló dì, ọyẹ́ ló mú un dì, oòrùn sì ti yọ́ ọ.

Ibẹ̀ ni mo ti wá rántí. Ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì há abíyá òsì lábẹ́ dàńṣíkí, ẹ ó máa rìn kiri ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó máa fi ọwọ́ ọ̀tún nà wá. Àwa ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yín, a ní ẹ̀ ń fi í pamọ́ fún olè. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ooru ara yín lẹ fi ń yọ́ àdín? Ẹ fi bẹ́líìtì kọ́ mi ní gbogbo ohun tó kù, ẹyọ kan tí kò gba ìyà ni ẹ gbé lọ. Mo lọ sí ibojì yín lọ́jọ́ náà, mo fi ẹsẹ̀ gbá iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ títí ìka ẹsẹ̀ mi fi ṣẹ̀jẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ṣé ó dùn yín?

Mo kúnlẹ̀ fún Ràṣídì ní Kuta. Wọ́n ń na eegun rẹ̀, ó ń ké, ọparun ni wọ́n fi dì í. Ó fi ọwọ́ òsì ju kọ́kọ́rọ́ lù mí láyà. Ó ní, “Gba ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé o ò ní bùọ̀dá.” Ó ti padà sí Ìlú Ọba, wọ́n ní apá náà kò nà tán. Ìyá kì í jẹ oúnjẹ mi mọ́. Ṣọ́ọ̀bù di tèmi.

Ṣọ́ọ̀kì mọ́tò kékeré náà wà ní abíyá òsì mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó tutù nígbà tí mo fi í sí i. Ó ti ń rọ̀ báyìí, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń mì lọ́wọ́ tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, ẹ sọ fún mi: abíyá ta ni mo fẹ́ fi bùọ̀dá mi sí, kó tó yọ́?

Èmi ni,
ọmọ tí ẹ nà jù, tó tún fẹ́ràn yín jù.