Ohun Tí Mi Ò Kọ Sínú Ìwé Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì nípa ìtàn àwọn ará Ṣáínà tí àlùfáà òyìnbó fún yín ṣì wà lórí tábìlì yín. Ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, tí ẹ ó máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi: pé láyé àtijọ́, ọba wọn máa ń rán ènìyàn lọ gbọ́ ohun tí ará ìlú ń sọ lójú pópó, kí ó lè mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ibẹ̀ ni ìtàn kéékèèké wọn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń kọ ti òkú tó padà wálé, ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó di obìnrin, wọn kì í sì í pè é ní àlọ́. Wọ́n á kọ orúkọ ìlú àti ti ẹni tó rí i, kí alààyè lè mọ̀ pé òkú ò jìnnà, kí ó sì ṣọ́ra.

Ni ẹ̀yin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti Ìkirè àti Àpòmù sínú ìwé tiyín. Nígbà tí ẹ lọ, mo ń kọ ọ́ nìṣó. Ṣé ó yẹ kí n ti fi í sílẹ̀ ni?

Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú yín, Bàbá Ráfíù, àgbẹ̀ Ararọ̀mí-Òwu, dá mi dúró lọ́nà ọjà Àpòmù.

“Tíṣà, mo rí bàbá rẹ lóko mi. Wọ́n fọwọ́ kan igi kòkó, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wàláì, mi ò purọ́.”

Mo kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi dé, wọ́n ní àrùn wà lára kòkó, wọ́n sì gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan ní Ìkòyí tó wà nítòsí Àpòmù rí yín tí ẹ fọwọ́ kan ògiri ilé rẹ̀; mo kọ ìyẹn náà. Òjò kan ṣoṣo ló wó o.

Àwọn ènìyàn ti ń yà fún mi lọ́nà. Bàbá, ṣé ẹ̀ ń kìlọ̀ ni, àbí ẹ̀yin lẹ̀ ń mú un wá?

Lónìí, mo ti ilé ìwé dé, mo bá Màmá lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká.”

Mo fi ọwọ́ mi pa èjìká náà, bí ẹni pé mo lè nù ún kúrò. Ó tutù. Wọ́n ní kí n yé da ara mi láàmú, kí n lọ dáná.

Mi ò kọ èyí sínú ìwé. Oòrùn ò tíì wọ̀, oorun ti gbé wọn lọ. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń tẹ́tí sí èémí wọn. Ẹ má mú wọn lọ, Bàbá. Bí ẹ bá tún yà wálé, èmi ni kí ẹ fọwọ́ kàn.

Èmi ni ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tó sì ń bẹ̀rù yín báyìí.